Kí Ló Dé Tí Ẹ̀rọ Ìkàwé Kékeré Fi Ń Jẹ Àmì Orí Lẹ́tà Wa?

Iṣẹ́ òru ni mo ti dé, nítorí náà bí ẹ bá gbọ́ tí mo yán láàárín ọ̀rọ̀, ẹ fojú fò ó dá.

Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí ẹ ń wò lọ́wọ́ mi yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Xteink X4 ni orúkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 4.3, ó wọn gíráàmù 74, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fóònù bíi pé wọ́n bí wọn pọ̀. Kò ní iná, ojú rẹ̀ kò gba ìka, bọ́tìnnì ni ẹ ó máa tẹ̀ láti ṣí ojú ìwé. Ìwé kíkà nìkan ló mọ̀. Ó wọ àpò aṣọ nọ́ọ̀sì mi láìyọrí, mo sì máa ń kà á lórí District line láti Dagenham Heathway, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sí Barking tí kò fẹ́ lọ mọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti bi mí ní ìbéèrè kan náà: kí ló dé tí ìwé Yorùbá tí mo gbé sínú irú ẹ̀rọ báyìí fi ń di àpótí kéékèèké? Ẹlòmíràn ní àmì ohùn ń bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, bíi fìlà tó ṣí kúrò lórí. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ ìtàn, ìtàn náà sì gba Jàpáánì, Abẹ́òkúta àti Vietnam kọjá kó tó dé ọwọ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní firmware. Òun ni ètò tí ilé iṣẹ́ ti kọ sínú ẹ̀rọ kó tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Òun ló ń sọ fún ẹ̀rọ bí yóò ṣe jí, bí yóò ṣe ṣí ìwé, irú lẹ́tà tí yóò yà sójú. Firmware àdáṣe ni èyí tí ẹlòmíràn kọ, tí ẹni tó ra ẹ̀rọ wá fi rọ́pò ti ilé iṣẹ́. Ní Dagenham tí a wà yìí, Ford ti ń ṣiṣẹ́ níbí láti 1931. Ẹ bi àwọn àgbà ọkùnrin tó fẹ̀yìn tì níbẹ̀ bóyá wọ́n lè ra ọkọ̀ tí wọn kò ní lè ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Wọ́n á fi yín rẹ́rìn-ín. Àmọ́ irú rẹ̀ gan-an ni gbogbo wa ń rà lónìí, a tún ń dúpẹ́.

Lọ́dún 2004, Sony gbé ẹ̀rọ ìkàwé kan tó ń jẹ́ Librié jáde ní Jàpáánì. Òun ni àkọ́kọ́ tí wọ́n tà lọ́jà tó lo ojú E Ink, ojú tó jọ bébà, tí kì í tànmọ́lẹ̀ sí ni lójú, tí kì í sì í jẹ báàtìrì. Ẹ̀rọ náà dára. Àmọ́ èdè Jàpáánì nìkan ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ sójú rẹ̀, ìwé tí ẹ bá sì gbà láti ọ̀dọ̀ wọn yóò ti ara rẹ̀ pa lẹ́yìn 60 ọjọ́. Àwọn tí kò gbọ́ èdè náà rà á láti òkèèrè, wọ́n tú inú rẹ̀ wò, wọ́n sì yí ohun tí wọ́n kọ sójú rẹ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, èdè wà lára ohun tó mú kí èèyàn máa ṣí ẹ̀rọ wọ̀nyí.

Ó tún ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú Kindle. Amazon mú ti àkọ́kọ́ jáde lóṣù kọkànlá 2007, èkejì tẹ̀lé e ní 2009. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn ará Yúróòpù ìwọ̀ oòrùn ló mọ̀. Bí ará Rọ́ṣíà tàbí ará Ṣáínà bá gbé ìwé èdè rẹ̀ sí i, àpótí ni yóò rí, bí ẹ̀yin náà ṣe ń rí i. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n wá ọ̀nà wọlé, wọ́n gbé fọ́ńtì tiwọn sínú rẹ̀, wọ́n sì pín ọgbọ́n náà fún ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí Kindle kẹta dé ní 2010, lẹ́tà Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Jàpáánì àti Kòríà ti wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Àwọn olùkàwé ló kọ́kọ́ débẹ̀, ilé iṣẹ́ ló bá wọn níbẹ̀.

Lóṣù keje 2009 yẹn kan náà ni Amazon wọ inú Kindle àwọn oníbàárà láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n pa ìwé George Orwell méjì rẹ́, 1984 àti Animal Farm, nítorí pé ẹni tó fi wọ́n sórí àtẹ kò ní ẹ̀tọ́ sí wọn. Wọ́n dá owó padà, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Bí ẹnì kan bá wọ yàrá mi lóru tó gbé ìwé lórí tábìlì, tó wá fi owó ibẹ̀ sílẹ̀, olè ṣì ni mo máa kígbe.

Ọdún 2010 náà ni ẹgbẹ́ Worldreader bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Kindle fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní Ghana. Ẹ̀rọ ìkàwé ti dé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà nìyẹn. Lẹ́tà tiwa ńkọ́?

Ibí ni a ti máa padà sẹ́yìn jìnnà díẹ̀. Kí kọ̀ǹpútà tó dé rárá ni lẹ́tà Yorùbá ti ń bá ẹ̀rọ jà. Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní London ní 1843. Lẹ́tà 26 tó wà nínú Gẹ̀ẹ́sì kò lè gbé ohùn wa tán: ibo ni a ó fi ẹ sí, ibo ni a ó fi ọ sí? Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Lepsius gbé ètò lẹ́tà kan kalẹ̀ ní 1855 fún gbogbo èdè tí kò tíì ní àkọsílẹ̀, àmì sísàlẹ̀ lẹ́tà sì wà nínú rẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì CMS gbà á. Ní Abẹ́òkúta, Henry Townsend dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní 1854, ìwé ìròyìn rẹ̀, Ìwé Ìròhìn, sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá 1859. Owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á.

Ẹ ro ohun tí ìtẹ̀wé jẹ́ nígbà náà. Irin kékeré kan ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń tò ó yóò máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú àpótí. Bí irin tó ní àmì nísàlẹ̀ kò bá sí nínú àpótí yín, kò sí bí ẹ ṣe gbọ́ Yorùbá tó, lẹ́tà náà kò ní hàn lórí bébà. Ẹ óò rí i pé kò sí ohun tó yí padà títí di òní àfi ohun tí wọ́n fi ṣe àpótí náà.

Wọ́n ṣe ìpàdé ní Èkó ní 1875 lórí bí ó ṣe yẹ ká máa kọ Yorùbá. Bíbélì odindi jáde ní 1884. Àkọtọ́ tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé, tí a fi ń kọ ayé dípò aiye, ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí i, lẹ́yìn iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé bíi Ayọ̀ Bamgboṣe. Láàárín ìgbà wọ̀nyẹn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé orí tábìlì gbòde, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì ní àmì wa. Akọ̀wé yóò tẹ̀ ẹ́ tán, yóò wá mú bírò, yóò máa kán àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn kan ṣe fọ́ńtì àdáṣe tí wọ́n fi ẹ àti ọ sí ipò àmì mìíràn. Ó máa ń dára lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ ọ́. Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí yín, wúruwùru ni.

Unicode ló wá dá sí i. Àdéhùn ni: lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí kọ̀ǹpútà tó wà ní Tokyo àti èyí tó wà ní Òṣogbo lè gbọ́ ara wọn yé. Ti àkọ́kọ́ jáde ní 1991. Ní 1993, ẹ àti ọ gba nọ́ńbà tiwọn. Ibo ni wọ́n wà? Nínú ọ̀wọ́ lẹ́tà tí wọ́n tò fún èdè Vietnam! Èdè olóhùn bíi tiwa ni, ó sì ń fi àmì ìsàlẹ̀ yẹn sọ ohùn. Ṣ wà nítòsí ibẹ̀, àwọn tó ń fi lẹ́tà Látìnì kọ èdè Íńdíà ń lò ó. Ǹ, àwọn tó ń fi lẹ́tà Látìnì kọ èdè Ṣáínà ń lò ó pẹ̀lú. Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ èyí. Ẹrù ọ̀pọ̀ èèyàn ni àwa náà fi dé ọjà.

Àmọ́ ẹ́ ńkọ́, ẹ tó ní àmì lórí tó tún ní nísàlẹ̀? Vietnam kò nílò ìyẹn. Kò ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà méjì ni a ń tò pọ̀: ẹ kọ́kọ́ wá, àmì òkè tẹ̀lé e, ẹ̀rọ yóò sì fúnra rẹ̀ gbé àmì náà gorí lẹ́tà. Ẹ tún lè tò ó ní mẹ́ta: e, àmì ìsàlẹ̀, àmì òkè. Tàbí kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú é, kí ẹ wá fi àmì ìsàlẹ̀ kún un. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Lójú ètò tí kò lóye, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè wá ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé tí ojú yín ń rí i kedere, kí ẹ̀rọ ní kò sí níbẹ̀.

Àwọn aláṣẹ Unicode ti sọ pé àwọn kò ní fún irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo mọ́, níwọ̀n bí a ti lè tò ó pọ̀. Àwọn kan máa ń bínú sí èyí, wọ́n ní wọ́n kó wa láyà jẹ. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ètò náà pé, ó sì bá gbogbo èdè ayé mu. Ẹni tó kọ ètò inú ẹ̀rọ tí kò sì kọ́ ọ bí a ṣe ń to lẹ́tà pọ̀, òun ni kí ẹ bá wí.

Lórí fóònù yín àti kọ̀ǹpútà yín, ẹni tó mọ iṣẹ́ yẹn ti wà níbẹ̀. Ètò kan tó ń jẹ́ HarfBuzz wà nínú Android, Chrome àti Firefox, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti gbé àmì sí ipò tó yẹ. Behdad Esfahbod tó jẹ́ ọmọ Ìráànù ló ṣáájú àwọn tó kọ ọ́. Ní ti kíkọ, àwọn ọmọ wa náà kò kàwọ́ gbera: Túndé Adégbọlá àti ẹgbẹ́ ALT-I ní Ìbàdàn, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn YorubaName tó fi kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ síta. Kíkọ ti rọrùn. Ṣùgbọ́n kí ni èrè ohun tí a kọ tí kò ṣeé kà lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún kíkà?

Bí ẹ bá ní Kobo, ọ̀rọ̀ yín kò le. Ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ ṣe fódà kan tí ẹ pè ní fonts, ẹ ju Gentium tàbí Noto Serif sínú rẹ̀, ó parí. KOReader náà wà, ètò ìkàwé ọ̀fẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí Kobo, Kindle àti PocketBook. HarfBuzz wà nínú rẹ̀, àmì wa sì máa ń jókòó dáadáa. Ti Kindle ló ní wàhálà díẹ̀, nítorí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ já títì tí Amazon fi tì í, Amazon náà sì ń tún un tì lẹ́yìn yín.

Ẹ̀rọ kékeré bíi X4 yìí, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ ni ESP32-C3, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú gílóòbù iná tí a ń fi fóònù tàn. Kílóbáìtì 400 ni mẹ́mórì rẹ̀. Kindle Paperwhite 2018 ní mẹgabáìtì 512, ìyẹn ju ìgbà 1,000 lọ. Ẹ kò lè kó gbogbo ẹrù ilé alájà mẹ́ta sínú yàrá kan. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ firmware fún un kì í sábà gbé odindi fọ́ńtì sínú rẹ̀. Àwòrán lẹ́tà tí wọ́n ti yà sílẹ̀ ni wọ́n ń kó sí i, nọ́ńbà kan, àwòrán kan. Bí àwòrán kò bá sí fún àmì òkè, ẹ óò rí àpótí. Bí ó bá sí, tí ètò kò sì mọ̀ pé orí lẹ́tà tó ṣáájú ni kó gbé e lé, ẹ̀gbẹ́ ni yóò dúró sí. Ẹ rántí àpótí irin tó wà ní Abẹ́òkúta.

Ẹ wá jẹ́ ká kà á. Ń, ǹ àti ḿ ti ní nọ́ńbà. Àwọn tí kò ní ni ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀ àti m̀, ti kékeré àti ti ńlá. Mẹ́wàá ni wọ́n. Àwòrán mẹ́wàá péré, àti ìlà kóòdù díẹ̀ tí yóò sọ fún ẹ̀rọ pé bí ẹ bá ti rí nọ́ńbà méjì yìí tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, àwòrán kan ṣoṣo yìí ni kí o yà. Kódà yàrá kan gba ìyẹn.

Ta ló máa ṣe é? Ilé iṣẹ́ tó wà lókèèrè ń wo ọjà tó pọ̀, a kò sì sí lójú wọn. Ìdí nìyí tí firmware àdáṣe fi kàn wá. Fún X4, èyí tó gbajúmọ̀ ni CrossPoint. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè kà á, tún un ṣe, kó sì fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bójú tó o. Nítorí pé mẹ́mórì kéré, ó máa ń pín ìwé sí wẹ́wẹ́, á kó èyí tó ti tò tán pamọ́ sórí SD card kó má bàa tún un tò. Wáyà USB-C àti búráúsà kọ̀ǹpútà yín ni ẹ nílò láti gbé e sí i, ẹ sì lè dá ti ilé iṣẹ́ padà bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ gba báàtìrì sí i dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì yọ wáyà láàárín iṣẹ́. Bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣí nìyẹn.

Àwọn àgbà kan máa ń sọ fún mi pé, “Ọmọ mi, kí lo ń da ara rẹ láàmú sí? Àwa ka Yorùbá láìsí àmì, a sì yé e.” Òótọ́ ni wọ́n sọ, mà. Bàbá mi lè ka ìwé tí kò ní àmì kankan láìkọsẹ̀, nítorí ohùn ti wà létí rẹ̀ kí lẹ́tà tó dé ojú rẹ̀. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n bí sí Barking, tó ń gbọ́ Yorùbá ní ìrọ̀lẹ́ àti ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó, ọkọ́ oko, ọkọ̀ ojú irin tàbí ọ̀kọ̀ ogun ni ìwé ń sọ? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ka ojú ìwé kan fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Níbi tí àmì wà, ó kà á bí ọmọ Ọ̀yọ́. Níbi tí ẹ̀rọ ti jẹ ẹ́, ó dúró, ó wò mí lójú, ó ní, “Auntie, èwo ni?” Ẹ̀yin tí ẹ ń wò mí, ẹ mọ ìdúró yẹn. Ìgbà mélòó lẹ ti pa ìwé dé nítorí rẹ̀?

Níbi iṣẹ́ wa, wọ́n kọ́ wa pé a kò gbọ́dọ̀ kọ 5.0 mg sórí ìwé oògùn. 5 mg ni ká kọ, nítorí bí àmì tíńtín àárín yẹn bá parẹ́, 50 ló dà. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé àwọn nọ́ọ̀sì àgbà ò ní ṣi í kà, nítorí náà kí àwa má da ara wa láàmú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n ń kọ ọ́ fún.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe rèé. Mo ti fi fáìlì EPUB kan sí ìsàlẹ̀ fídíò yìí. Ìlà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: gbogbo fáwẹ̀lì wa pẹ̀lú àmì wọn, kékeré àti ńlá, ń, ǹ, ḿ, m̀, àti ẹ́ tí mo tò ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo sọ. Ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ yín, ìyówù kó jẹ́. Bí ẹ bá rí àpótí tàbí àmì tó ṣí kúrò lórí, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ àti ẹ̀dà firmware sí i, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kọ firmware náà, pẹ̀lú fáìlì yìí gan-an. Ẹ má kọ “Yoruba doesn't work” nìkan. Ẹ sọ nọ́ńbà lẹ́tà tó bàjẹ́. Mo ti to àwọn nọ́ńbà náà sínú fáìlì kan náà, ní ojú ìwé kejì. Ẹni tó ń kọ kóòdù lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ lè má tíì rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan rí. Bí ẹ bá gbé e fún un báyìí, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni.

Ó yá, oorun ń pè mí. Ó dìgbà kan ná.